Ọtí Òní Jí Tìbínútìbínú

Wínípẹ́ẹ̀gì, oṣù kejì ọdún. Itọ́ ń di yìnyín kó tó balẹ̀.
Aago mẹ́ta òru, mo wà nídìí ẹ̀rọ,
agolo ń kọjá níwájú mi bí ìjàlọ tó ń ṣílọ,
ojú kan náà, ìwọ̀n kan náà, ìtọ́wò kan náà.
Èyí tí a rọ lálẹ́ yìí àti èyí tí a rọ lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn,
ìbejì ni wọ́n,
kò sí ìyá tó lè mọ Táyé yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé.

Ẹ má bú bíà yìí lójú mi.
Òun ló ń san owó ilé,
òun ló ra bàtà òtútù fún Ìbíyẹmí.
Dọ́là méjì péré, ó ti dé ọwọ́ ẹ, ó tutù,
kò bi ẹ́ níbi tí o ti ń bọ̀.
Àmọ́ bí mo bá ní ó dùn, irọ́ ni mo pa.
Omi tó gbọ́ ìròyìn ọkà ni,
kò fojú kan ọkà rí.

Wọ́n fà mí lọ sílé ọtí kan lẹ́bàá odò lọ́jọ́ kan.
Ọ̀dọ́mọkùnrin onírùngbọ̀n gbé ife wá,
ó ń kì í bí ẹni ń ki ọmọ ọba:
òórùn ọsàn rèé, òórùn igi páìnì nìyẹn,
ẹ̀yìn ọ̀fun lẹ ó ti pàdé òdòdó.
Mo tọ́ ọ wò. Ewúro tí a kò fọ̀!
Ó pẹ́ díẹ̀, ìkorò náà dìde lọ,
nǹkan mìíràn jókòó sí àyè rẹ̀.
Adùn ní ń gbẹ̀yìn ewúro, mi ò jiyàn.
Dọ́là mẹ́sàn-án ni wọ́n gbà.
Ìdajì wákàtí nídìí ẹ̀rọ ni mo gbé mì yẹn.

Ohun tó jẹ́ kí n ra àgbàdo nìyẹn.
Mo rẹ ẹ́, mo fi àpò bò ó
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amúlégbóná nísàlẹ̀ ilé,
títí ó fi hu irùngbọ̀n funfun.
Mo sá a, mo lọ̀ ọ́, mo sè é, mo sẹ́ ẹ.
Mojírọ́lá ní, "Kí ló kú sísàlẹ̀ ilé wa?"
Lóru ọjọ́ karùn-ún, ìgò méjì bú gbàù,
a dakùn délẹ̀, a rò pé ìbọn ni.
Nígbà tí a tanná,
ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ló ń ṣàn lára ògiri.

Màmá mi àgbà ní Ìgbájọ kì í wọn nǹkan kan.
Ìka ló fi ń mọ ìgbóná, imú ló fi ń ka ọjọ́.
Bó bá wá kan ju bó ṣe yẹ, á rẹ́rìn-ín:
"Ọtí òní jí tìbínútìbínú,
ẹ fi sùúrù mu ún."
Agolo kì í bínú.
Inú tó ní, bíà nìkan ló wà níbẹ̀.

Mo gbé ìgò kan lọ fún Orest,
ẹnìkejì mi nídìí ẹ̀rọ, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n,
tí kì í mu ju èyí tí a ń rọ lọ.
Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó mu. Ó dákẹ́.
Mo ní, "Kò dára, àbí?"
Ó ní, "Ìyá bàbá mi máa ń rẹ búrẹ́dì dúdú sómi,
á kan, á máa hó.
Ó lé lógójì ọdún tí mo ti rántí rẹ̀ gbẹ̀yìn."
Ó tún mu díẹ̀, ojú rẹ̀ fún pọ̀,
ó rọra gbé ìgò náà sílẹ̀.

Ó wá ṣí agolo méjì, ó na ọ̀kan sí mi.
"Èyí," ó ní, "kò rán mi létí ẹnikẹ́ni.
Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé ohun tí mo ń wá nìyẹn."

A mu ún. Ó tutù. Kò sọ nǹkan kan.

Ìgò mẹ́ta ló ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ ilé.
Mo ti tú ìdérí wọn díẹ̀
kí wọ́n lè máa mí.